Ìkòkò Palov Tí Egamberdi Fi Bo Wáìfáì

Ọjọ́ tí Egamberdi fi ìkòkò palov bo wáìfáì mọ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín, àfi Zumrad, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ti gé kárọ́ọ̀tì tán, ó ti fọ ìrẹsì tó fẹ́ fi se palov, ẹran àgùntàn ti wà nínú abọ́. Ó wá ìkòkò irin ńlá náà títí, àṣé orí tábìlì ilé ìdáná ló wà, wọ́n ti dojú ẹ̀ dé. Bàbá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé owó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dáná."

"Má fọwọ́ kàn án! Wáìfáì ilé ìdáná ló wà lábẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ kí ebi pa kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, kó lè lọ mu wáìfáì tó wà nítòsí ẹ̀."

"Kí ni kí n wá fi se oúnjẹ?"

"Ṣé kò sí kẹ́tùlù ni?"

Bí wọ́n bá ti gbé ìkòkò kúrò báyìí, kámẹ́rà á tún sá padà sídìí wáìfáì ilé ìdáná bí ológbò tó gbóòórùn ẹja. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jẹ búrẹ́dì àti tíì nílé náà.

Ogójì ọdún ni Egamberdi fi ṣe olùpín omi lẹ́yìn ìlú Margilan. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn omi sí oko òwú ti lágbájá, òun náà ló ń tì í mọ́ ti tàmẹ̀dò. Ilhom, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkọ Zumrad, wà ní Kòríà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàbá rẹ̀ kì í sì í gbé fóònù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí òun, kó wá sẹ́nu ọ̀nà. Ilhom ní ó dáa, kí wọ́n ra kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà nígbà náà, àmọ́ ohun tó sọ fún bàbá ni pé nítorí olè ni. Inú bàbá dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó sọnù rí nílé náà ni bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ òsì, ajá ló sì gbé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ rà á lọ́jà.

"Ojú mélòó ló ní?" ó bi ẹni tó ń tà á.

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Èmi tí mo ní méjì, wọn ò sanwó tó báyẹn fún mi lóṣù kan rí. Dín in kù."

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti fà á títí oòrùn fi rọ̀. Nígbẹ̀yìn, ọlọ́jà gba iye tí bàbá wí, ó ní kó ṣáà jọ̀wọ́ máa lọ, kí òun lè ti ṣọ́ọ̀bù.

Mẹ́ta ni ẹ̀rọ wáìfáì tí wọ́n gbé kalẹ̀: ọ̀kan nínú yàrá àlejò tó fara ti ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ní yàrá Zumrad, ẹ̀kẹta ní ilé ìdáná lópin àgbàlá. Ilé ìdáná ni oníṣẹ́ ti kọ́kọ́ tan kámẹ́rà, torí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà náà nìyẹn, kò gbàgbé ilé ìdáná mọ́. Mahkam, ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré, á wọlé láàárọ̀, á mu tíì, á máa lọ. Lórí fóònù Ilhom ní Kòríà, àwòrán á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ Mahkam kan á ṣì wà lókè títí di ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Egamberdi wọ egungun. "Omi wo ló máa fi poro tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, tó máa lọ gun òkè?"

"Bóyá kò tíì mọ irú ẹni tó o jẹ́," Mahkam wí.

"Yóò mọ̀!"

Lẹ́yìn ìgbà tí ìkòkò kò ràn án mọ́, Zumrad tẹ nọ́ńbà àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, ó gbé fóònù sí bàbá létí. Ọmọbìnrin kan dáhùn.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà àwọn méjì tó jìnnà. Ẹ pa kámẹ́rà, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ti ìtòsí nìkan ló máa rí. Tó bá ti mú un, ẹ tẹ àmì àgádágodo lórí fóònù kó má lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dá àwọn yòókù padà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́tàlélógún, Bàbá."

"Ilẹ̀kùn omi tí mo ti ṣí ju ọjọ́ tó o ti lò láyé lọ." Ó dá fóònù padà fún Zumrad, ó ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Zumrad ń gbálẹ̀ àgbàlá nígbà tó rí ohun tó mú un dúró. Bàbá rọra yọ wáyà ilé ìdáná. Ó yọ ti yàrá Zumrad. Ó gun àkàbà, ó pa kámẹ́rà, ó tún un tàn, ó fi apá aṣọ nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ó mú fóònù Zumrad lójú fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ìka rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Zumrad gbé ìgbálẹ̀ sókè kó má baà dún, ó fi ẹ̀yìn rìn padà sínú ilé.

Nídìí tíì, bàbá wú ikọ́.

"Mo ti bá kámẹ́rà yẹn sọ̀rọ̀. Mo le mọ́ ọn."

"Ó sì gbọ́, Bàbá?"

"Ta ni kò ní gbọ́?"

Zumrad ki ojú bọ inú ife. Ó se palov lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì bu ibi tó lẹ́ran jù fún un.

Kò pẹ́ tí bàbá fi mọ̀ pé kámẹ́rà ní ẹnu. Á nà sílẹ̀ ní yàrá àlejò, á di fóònù Zumrad mú, á máa dá àwọn tó ń kọjá lọ́nà. Ọkùnrin kan tó ń kiri ìgbálẹ̀ gbọ́ ohùn lókè orí rẹ̀: "Èló ni?"

Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹnu ọ̀nà ni."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́ọ̀mù."

"Ẹnu ọ̀nà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

Ó gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọjá, á gbé ọwọ́ lé àyà, á kí ilẹ̀kùn.

Ilhom náà mọ ọgbọ́n tó dá sí i. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Kòríà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń pe bàbá rẹ̀. Ẹni tí kì í gbé fóònù á sáré gbé àpótí jáde, á jókòó sábẹ́ kámẹ́rà, á gbójú sókè, wọn á sì máa tàkúrọ̀sọ títí tíì á fi tutù. "Èèyàn dé ẹnu ọ̀nà mi," ló máa ń wí fún Zumrad. "Ṣé kí n má kí i ni?"

Ìgbà tí èso ápíríkọ́ọ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni bàbá sùn lọ́sàn-án tí kò jí mọ́. Ọjọ́ tí èèyàn bá kú ni wọ́n ń sin ín ní àdúgbò wọn, Ilhom kò sì lè dé bá ìsìnkú. Àwọn ọkùnrin gbé bàbá lé èjìká, Mahkam wà níwájú. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ohùn kan wá láti òkè.

"Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n dúró.

Mahkam gbójú sókè. "Ilhom, bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tètè o. Tá a bá pẹ́ níbí, á ní ká dín ọ̀nà kù fún òun."

Ẹ̀rín gba abẹ́ pákó tí wọ́n fi gbé òkú, pákó náà mì. Ẹ̀rín Ilhom náà dún lókè, ó sì di ẹkún láàárín kan náà. "Ó dàárọ̀ o, Bàbá mi."

Wọ́n gbé e lọ. Zumrad dúró sẹ́nu ọ̀nà, torí pé obìnrin kì í bá wọn dé itẹ́ òkú. Àwọn ọkùnrin ń sáré wọ abẹ́ pákó náà, ẹni kan á gbà á léjìká ẹni kan, olúkúlùkù ń wá èrè ọ̀run tirẹ̀ nínú gbígbé òkú.

"Omi ojú ò jẹ́ kí n ríran," Ilhom wí. "Ta ló ń gbé Bàbá báyìí?"

Zumrad nu ojú ara rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà, ó sì ń dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.