Oríkì Ilé Wa fún Gbọ́mọgbọ́mọ

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn onífíìmù wá lo àgbàlá wa ní Ìkòsì fún ọjọ́ méjì. Olùdarí wọn gbọ́ tí ìyá mi ń ki ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ó bá sáré wá.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, kí n record ẹ̀. Ó máa wọ fíìmù yìí gan-an."

Ìyá mi tún gèlè wé. Wọ́n ki oríkì ilé bàbá mi tán pátápátá, láìwo ìwé. Ìyá ọkọ wọn ló kọ́ wọn lápá Ọ̀yọ́, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun.

Nígbà tí fíìmù jáde sórí YouTube, ìyá mi pe gbogbo ayálégbé sí pálọ̀ wa. Nínú fíìmù náà, gbọ́mọgbọ́mọ kan wọlé tòun tìbọn, àlè rẹ̀ kúnlẹ̀, ó sì fi oríkì bàbá mi kì í! Ayálégbé kan bú sẹ́rìn-ín.

"Mummy, ṣé family yín nìyẹn?"

Mo tẹ olùdarí náà láago lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀gá, oríkì ilé wa lẹ fún gbọ́mọgbọ́mọ?"

"Uncle, ẹ calm down. Oríkì ṣáà ni. Ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀! Aláìnítìjú! Ṣé ẹ̀wù àyálò ni oríkì ni? Gbogbo ọmọ ilé wa tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé bàbá wa ni wọ́n sọ di ọ̀daràn. Mo bú u títí ohùn mi fi há.

Ìyá mi pa tẹlifíṣọ̀n.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ki bàbá rẹ fún wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó rí."

Mo la ẹnu. Mo sọ ìlà kìíní, mo sọ èkejì. Ìlà kẹta tó wá sí mi lẹ́nu, ohùn àlè inú fíìmù yẹn ló bá a wá. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n mọ. Ní gbogbo àárọ̀ tí ìyá mi bá ń kì mí, okùn bàtà ni mò ń so, tí mò ń pariwo pé, "Mummy, mo ti late."

Àwọn ayálégbé ń wò mí. Ìyá mi náà ń wò mí, wọ́n ń dúró de ìlà kẹrin.