Táyà Ńlá Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn rọ́bà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, rọ́bà àtijọ́ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì fọ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà ní Ṣógúnlé. Táyà mẹ́rin fara ti ògiri bí àlejò tí a kò tíì fún ní àga. Wọ́n tóbi ju èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi lọ dáadáa. Rímù wọn ti ha káàkiri, ṣùgbọ́n bàbá mi ti fi yanrìn fọ ìpẹtà kúrò lára wọn títí wọ́n fi ń dán.

"Tòkunbọ̀ ni," ó wí fún mi. "Ẹsẹ̀ gígùn ló ń sọdá odò."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ́ bí ó bá ń ká ṣòkòtò sókè láti la omi àdúgbò wa kọjá lásìkò òjò. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Òun ló fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú láti Àjàó lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ ló sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn wọ́.

Èmi kò tíì pẹ́ ní Èkó nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ti dàgbà, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwó. Òun ló já mi lẹ́nu ọmú, òun ni mo sì ń pè ní Màmá. Ìyá tó bí mi gan-an, nígbà tó bá wá kí wa, "Ìyá Múfú" ni mo ń pè é bí gbogbo ayé ṣe ń fi orúkọ mi pè é, títí Màmá fi fà mí létí lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n mú mi wá kàwé, mo ti ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ. "Bàbá kíláàsì" ni wọ́n ń pè mí. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. 

Ní ọ̀sẹ̀ táyà yìí, ará abúlé wa kan tó wá ra aṣọ ní ọjà Aswani yà sílé wa. Kò tíì jókòó dáadáa kí ó tó sọ ọ́. Màmá ti dùbúlẹ̀, wọn kò sì rò pé yóò pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: "Sàlámátù dà? Ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi."

Sàlámátù ni ìyá mi.

Ó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ èrò ní Ọ̀ṣòdì lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi kọ̀. "Èmi tí mo ní ọkọ̀, kí ìyàwó mi lọ fún ara rẹ̀ mọ́ èrò lọ sílé àna mi? Ojú wo ni màá fi wò wọ́n?" Ó ní kí ó ṣáà ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, òkúta ọ̀nà abúlé ló lu ikùn ọkọ̀, gbogbo ọ́ìlì dà sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló sì tì wá wọ ìlú. Àwọn àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló rán an lọ wá táyà ńlá.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa ló bá a dè wọ́n. Ó kó àwọn kékeré tó tú kúrò lọ, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú búùtù fún ìpààrọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ki ọwọ́ bọ àárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó há díẹ̀.

"Bàbá Múfú, ṣé ẹ máa ń kó ẹrù?"

"Ìyàwó àti ọmọ ni ẹrù mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá Bísí tó ń gbé yàrá iwájú jáde, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀yin Bàbá Múfú, ṣé ẹ fẹ́ ká máa gun ọkọ̀ yín bí ọ̀pẹ ni?"

"Ẹ tètè lọ wá igbà yín," bàbá mi dá a lóhùn.

Ó gbé mi síwájú, a sì yí àdúgbò ká. Mo rí orí ògiri àwọn aládùúgbò. Mo rí aṣọ wọn lórí okùn, mo rí abọ́ tí wọn kò tíì fọ̀. Omi tó máa ń dá wa dúró, a là á kọjá bí ẹni tí kò rí i. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò mí lókè. Mi ò rò pé inú mi tún dùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ta ló ń ti Èkó lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo? Bàbá mi kó ìrẹsì, iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ, àti búrẹ́dì tó kún àga ẹ̀yìn débi pé orí rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ìyá Bísí gbé ike kẹrosíìnì wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó. Fíláàsì kan ṣoṣo ni ìyá mi gbé dání. Ẹ̀kọ gbígbóná ló wà nínú rẹ̀, fún Màmá. Kò sẹ́ni tó bojú wo bí ọkọ̀ náà ṣe rọ̀ sílẹ̀ lórí táyà.

A ti kọjá Ìbàdàn kí òórùn rọ́bà yẹn tó tún dé imú mi. Ibi yòówù kí ọ̀nà ti gbun, irin tí ẹrù ti tẹ̀ wálẹ̀ a máa ha táyà ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ó bẹ́. Bàbá mi fi kékeré inú búùtù rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí arọ.

"Bàbá Múfú," ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ ká já ẹrù yìí sílẹ̀ fún àwọn ará ibí. Èmi ni Màmá ń retí, kì í ṣe búrẹ́dì."

"Kí n wọlé àna mi lọ́wọ́ òfo? Mú sùúrù, a ti fẹ́ débẹ̀."

A rọra ń lọ, kò sì pẹ́ tí táyà ẹ̀yìn kejì náà fi ya. Bàbá mi yí i lọ láti wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Ìyá mi jókòó sórí koríko, ó gbé fíláàsì lé itan. Oòrùn kúrò níwájú wa, ó bọ́ sókè orí wa. Ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kì í sì í ṣe èmi ló bá sọ ọ́: "Ẹrù la fi ń mọ ẹsẹ̀ tó dúró."

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé, wọ́n ti wẹ Màmá, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí títí ó fi dákẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ṣì tutù.

Ìyá mi kò ké. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, ó ṣí fíláàsì náà, èéfín sì jáde. Ẹ̀kọ náà ṣì gbóná. Ó da á sínú ife, ó nà án sí mi. "Mu ún. Ìwọ náà ni Màmá ìbá fún." Mo mu ún. Ó jó mi lẹ́nu.

Bàbá mi dá nìkan pín búrẹ́dì. Àwọn àna rẹ̀ ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, òun sì ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a padà sí Ṣógúnlé, ó lọ gba àwọn táyà kékeré rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn ńlá tó ya wà ní àgbàlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí rẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí bó bá ń fọṣọ. Mi ò gbọ́ kí ó bá bàbá mi ṣe asọ̀ lórí rẹ̀ rí. Bàbá mi náà kò sì sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gígùn mọ́ títí ó fi kú.

Ìyàwó mi kú lásìkò òjò tó kọjá. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé ẹni tó bá rí ojú èèyàn rẹ̀ kó tó kú, ìbànújẹ́ tirẹ̀ máa fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù yìí, ọmọ mi ra táyà àti rímù tòkunbọ̀, àwọn ńlá, ó dè wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ mi àtijọ́ kí ó lè máa la omi Ìsọlọ̀ kọjá. A ń múra àtilọ sílé fún àdúrà ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ kó ẹrù sẹ́yìn, kí ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jókòó síbẹ̀, ká lè wo ibi tí irin máa rọ̀ dé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ta la fẹ́ gbé? Ṣebí àwa méjì náà ni."

Mo wọnú ọkọ̀. Mo rí orí ògiri àwọn aládùúgbò, mo rí aṣọ wọn lórí okùn. Ọmọ tó jókòó níwájú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà náà, ayọ̀ gíga yìí ì bá má jẹ́ kó sùn. Èmi mọ ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà ga tó bẹ́ẹ̀. Mo wo àga ẹ̀yìn tó ṣófo, ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ní kí ọmọ mi máa lọ.