Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Fi Ọkọ̀ Mi Gbà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń gbé ọmọ abúlé wa lọ sílé ìwé, ọkọ̀ ni. Orí òpó ni ilé wa wà, orí pákó ni a ń rìn láti ilé dé ilé. Òkun wà níwájú, odò tóóró kan wà lẹ́yìn, odò yẹn ni a sì ń gbà dé Ugbonla níbi tí ilé ìwé wa wà. Ọmọ tí kò bá ní ọkọ̀, ilé ni yóò jókòó sí, yóò máa sá edé. Ẹ̀yin tí ọ̀kadà ń gbé dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì lónìí, ẹ má rò pé mo ń sọ àsọdùn.

Èmi ní ọkọ̀ tèmi. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ fún mi kí òkun tó gbé òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó kéré, ó fúyẹ́, ọmọdé kan ṣoṣo lè wà á láìdànù. Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò rẹ̀ ni àwọn ẹbí fi ṣe olórí ilé wa. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ni, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í lọ sójú òkun àfi tí ebi bá lé e débẹ̀.

Àwọn elépo rọ̀bì ti dé nígbà yẹn. Iná wọn ń jó lójú òkun lọ́hùn-ún, ní apá Abereke. Ní ọdún tí mo wà ní ìwé kẹfà, wọ́n kéde pé ọmọ etíkun tó bá gbégbá orókè nínú ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, àwọn ni yóò gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde. Olùkọ́ àgbà pè mí sẹ́yìn kíláàsì, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣáà tètè dé. Bí o bá ti tètè dé, mi ò rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ìyá mi ti gbé ọkọ̀ ńlá lọ sí ọjà Igbókòdá láti ta ẹja yíyan. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí okùn ọkọ̀ mi lára òpó. N kò rí ọkọ̀. Mo sáré bá àbúrò bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọwọ́ bọ àpò, ó sì fa ọ̀bẹ kan tó ṣeé ká jáde.

"Wò ó," ó ní. "Ṣé ìwọ rí irú èyí rí?"

Nígbà tí ó wà ní kíká, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Èkù rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀. Ó fi èékánná fa ojú rẹ̀ jáde, ó dún "kọ́!", ó sì dúró gbọn-in. Kúùkù tó ń se oúnjẹ nínú báàjì, ọkọ̀ ńlá tí àwọn elépo ń gbé lójú omi, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Kúùkù ń wá ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tí yóò máa fi sọdá, àbúrò bàbá mi sì ń wá ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀la ni ìdánwò mi."

Ó ní, "Ta ni kò ní ọkọ̀ ní abúlé yìí? Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á gbé ọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé odò yẹn fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò yẹn, omi máa kún dáadáa, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó gun òkè ilé, á ti fà. Bó bá ti fà, ẹrẹ̀ ló kù, ọkọ̀ kò sì ní ẹsẹ̀.

Mo jí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ilé ìwé, mo di pẹ́ńsùlù mi tuntun mú, mo bọ́ síta. Gbogbo ọkùnrin tó ní ọkọ̀ ló ti péjọ sí iwájú ilé àbúrò bàbá mi. Ìròyìn ọ̀bẹ ti tàn. Ẹnìkan gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni ń wọn wúrà. "Kò wúwo rárá!" Òmíràn jù ú sápò, ó rìn lórí pákó lọ, ó rìn bọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lápò mi!" Ẹlòmíràn fá irun apá rẹ̀, ó sì ń fi ibi tó dán han gbogbo wa bí ọmọ tuntun. Àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ ti ń di ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tún pa á dé, kí wọ́n tún ṣí i, nítorí òun fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan gbé mi dé Ugbonla."

"À ń bọ̀, ọmọ dáadáa. Jẹ́ kó kàn mí ná."

Ọ̀kan nínú wọn wá rí pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. "Ẹ ò rí i? Ẹ jẹ́ ká fi èyí dán an wò." Ó gbà á, ó gbẹ́ ẹ. Ẹnu pẹ́ńsùlù mú bí abẹ́rẹ́, wọ́n hó yèè. Ẹni tó tẹ̀lé e ní òun lè gbẹ́ ẹ kó mú ju ìyẹn lọ. Ẹni kẹta gbà á. Ọmọ tí kò ní bàbá, ta ni yóò já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà? Mo dúró, mo ń wo èèpo igi tín-ín-rín tó ń já bọ́ sínú omi, mo sì ń wo bí omi náà ṣe ń gbé e lọ sí ìhà òkun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tí wọ́n dá pẹ́ńsùlù padà fún mi, kò ju èékánná àgbà lọ. Àbúrò bàbá mi ní, "Má sunkún. Ṣebí ó ṣì lè kọ̀wé?"

Ẹni tó wá gbé mi níkẹyìn wa ọkọ̀ rẹ̀ dé àárín ọ̀nà, ọkọ̀ náà jókòó sórí ẹrẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi ẹ̀gbà etí odò mú, mo wọ́ ara mi dé Ugbonla. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jáde bọ̀ nígbà tí mo dé. Olùkọ́ àgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lára. Ó ní, "Ojú omi ni mò ń wò láti àárọ̀." Ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí ìyá mi dé láti ọjà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ọwọ́ méjì ni ẹ fi ń ṣí i? Bí àwọ̀n bá wé mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tó ń fà ọ́ sínú òkun, ta ni yóò bá ọ di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú kí o tó ṣí i tán?"

Àbúrò bàbá mi ní, "Obìnrin ò mọ nǹkan tó dáa."

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, iyọ̀ òkun ti jẹ irin rẹ̀. Kò ṣí mọ́. Síbẹ̀ ó ń fi í sápò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á máa fi èkù rẹ̀ han àlejò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gba ipò tí olùkọ́ àgbà rò pé èmi ni yóò gbà. N kò bínú sí i. Ó tètè dé ni. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo ṣe ìdánwò, mo ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn elépo ti ní ètò yẹn ti parí. Ìyá mi ló wá yan ẹja tọ́ mi jáde, ní ojoojúmọ́, nínú èéfín, títí ojú rẹ̀ fi ń rí bàìbàì. Kí ó tó kú, ohùn mi ló fi ń dá mi mọ̀.

Àbúrò bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú láìpẹ́ yìí. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹnìkan dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní olóògbé fẹ́ràn ẹ̀kọ́, òun ló rán ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwèé tó fi di ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní kí n dìde kí ayé rí mi. Mo dìde. Mo ní, "Ìyá mi ló rán mi níwèé." Mo sì jókòó.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń sáré lórí odò yẹn báyìí, epo ń léfòó lójú rẹ̀, òkun sì ti kó ilé ìwé wa lọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ wá rí ọkọ̀ tó yára, kò sí kíláàsì tí yóò gbé wọn lọ. Àwọn ọkùnrin ṣì ń péjọ lórí pákó láàárọ̀, fóònù ni wọ́n ń gbà wò lọ́wọ́ ara wọn.

Àwọn ọmọ olóògbé kò kí mi mọ́. Wọ́n rán àgbà ìjọ sí mi pé mo dójú ti òkú, kí n wá tọrọ àforíjì lórí ibojì rẹ̀. Mo fún àgbà ìjọ ní omi tútù, ó mu ún. Mo ní kó sọ fún wọn pé mo gbọ́, pé ibojì ìyá mi kò jìnnà sí ti bàbá wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yà síbẹ̀ ná. Bí ojú ìyá mi tó fọ́ bá là lábẹ́ ilẹ̀, èmi náà á wá kúnlẹ̀.