Ẹ̀kọ Dàda Abla àti Ìdájọ́ Ọlọ́run

Òórùn epo òyìnbó ló máa ń jí mi. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi á ti tan àtùpà sórí tábìlì kékeré tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì wọlé wá bá mi lórí ẹní. N kò ní tíì lajú tán tí màá fi gbọ́ ohùn ìyá mi láti ìdí ààrò: "Afí, Ọlọ́run kì í dúró de ọ̀lẹ o." Màá wọ́ aṣọ bora, màá lọ jókòó.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní apá Gléi mọ irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ amọ̀ tútù lábẹ́ ẹsẹ̀, ìró ìgbálẹ̀ láti agboolé dé agboolé, ọkọ̀ akérò tó ń sáré lọ sí Atakpamé lójú títì. Òwú àti iṣu ni bàbá mi ń gbìn, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bíbélì èdè Èwè ló ní. Á ka ẹsẹ kan ní Èwè, á tú u sí èdè Ifẹ̀ tiwa, á wá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró kí òkèlè lọ sísàlẹ̀. Kì í fo ojú ewé. Àní orúkọ àwọn baba ńlá tí kò lópin yẹn, tó máa ń mú mi tòògbé, gbogbo rẹ̀ ló ń kà. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ kò tíì jẹ ọbẹ̀."

Ní ọdún kan, nígbà òjò, àrá pa aládùúgbò wa, Fò Kòmí; Fò ni à ń pe àgbà ọkùnrin, Dàda ni à ń pe àgbà obìnrin. Ó ń ti oko bọ̀, òjò ká a mọ́ ọ̀nà, ló bá yà sábẹ́ igi ìrókò kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ gbé e. Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ewé súfèé. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun burúkú mìíràn tó ṣe.

Àwọn àgbà tó ń bọ òrìṣà sọ pé àrá kì í pa ènìyàn lásán, pé ó ní láti jẹ́ pé ó jalè tàbí pé ó búra èké. Mo rò pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò ta kò wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, katikíìsì wa dìde, ó ní ẹni tó bá kẹ̀yìn sí Ọlọ́run ti rí ohun tó ṣe Kòmí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan ní abúlé wa. Wọn kò lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa ń lù fún gbogbo òkú abúlé. Wọ́n sin ín wéré, láìsí àìsùn.

Ìyàwó rẹ̀, Dàda Abla, ló ń ta ẹ̀kọ gbígbóná létí títì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń mu ẹ̀kọ kí a tó lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó ṣọ̀fọ̀ tán tó padà sídìí ìkòkò rẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró. Àwọn ọmọdé ń sáré kọjá bí ẹni pé àrá ṣì wà nínú ìkòkò. Bí oòrùn bá ti ga, á gbé ẹ̀kọ tó ti dì lọ dà fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí bàbá mi tó ṣí Bíbélì, mo bi í pé: "Bàbá, ṣé Ọlọ́run ló pa Fò Kòmí?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni ìyá mi wí.

Bàbá mi kò bá mi wí. Ó ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó fo ojú ewé. Ó ṣí i lọ síbi ìtàn ilé ìṣọ́ tó wó pa àwọn ènìyàn, tí Jésù sì sọ fún àwọn tó ń gbọ́ pé àwọn tó kú yẹn kò burú ju àwọn tó kù láyé lọ, kí kálukú ronú ti ara rẹ̀. Ó tú u fún wa, ó tún un tú. Ó pa Bíbélì dé.

"Afí, n kò mọ ìdí tí àrá fi pa á. Ẹjọ́ tí wọn kò pè mí sí, n kò ní dá a. Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Dàda Abla ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mu ẹ̀kọ, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí.

"Bàbá Afí, ṣé ẹ fẹ́ kí àrá wá wò wá nílé ni?"

"Bó bá dé, á bá wa níbi tí a ti ń jẹun."

Ìyá mi pòṣé, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fà mí lọ́wọ́, a sì lọ jókòó tì í. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé igbá sẹ́nu ni mò ń wojú ọ̀run.

Òjò ńlá mìíràn dé kí ọdún yẹn tó parí, ní ìrọ̀lẹ́. Àrá sán tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ mì. Nígbà tí òjò dá, a gbọ́ pé òrùlé ilé ìdáná katikíìsì ti jóná, àgùntàn rẹ̀ sì ti kú. Inú mi dùn púpọ̀. Mo sáré lọ bá bàbá mi: "Bàbá, Ọlọ́run ti dá katikíìsì lẹ́jọ́!"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. "Ìwọ náà ti di adájọ́? Lọ mú àdá wá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gé koríko, a rù ú lọ sí ilé katikíìsì. Bàbá mi gun orí ilé ìdáná náà láti tún un bò. Àwọn ará abúlé dúró lókèèrè, wọ́n ń wòran, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí àrá ti fọwọ́ kàn. Ìgbà náà ni Dàda Abla yọ, ìkòkò ẹ̀kọ lórí rẹ̀. Katikíìsì jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò lè gbé orí sókè.

"Abla, n kò mọ ohun tí màá sọ."

"Ẹ kọ́kọ́ mu ẹ̀kọ, kó má baà tutù."

Ó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún níṣojú gbogbo abúlé. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó lu agogo fún Fò Kòmí, ó sì dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Kò pẹ́ tí àwa ọmọdé tún fi ń du àyè lórí bẹ́ǹṣì Dàda Abla.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Atakpamé lónìí. Orí fóònù ni mo ti ń ka Bíbélì ní ìdájí, kí ọlọ́kadà tó wá gbé mi. Mo gbà pé ìdájọ́ ń bẹ, n kò ṣiyèméjì, n kò sì bẹ̀rù rẹ̀ bíi ti ìgbà náà. Ti Ọlọ́run ni, ó sì mọ̀ ọ́n dá jù mí lọ.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá láti apá Elavagnon, igi ló wó lù ú lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ẹ̀ṣẹ̀ tó ní láti ti dá tí èyí fi bá a. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Màdáàmù, kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" Afí kékeré ìbá ti tẹjú mọ́ ọn, kó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀. Èmi fa ìjókòó sún mọ́ ibùsùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ibi tó ń dùn yín hàn mí."