Ọ̀gá Kurimoto Lọ Gba Àyè Sílẹ̀ Lábẹ́ Igi Sakura

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀gá ṣe ń di ẹni ilẹ̀, kó lọ wo ọkùnrin tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́. Tadayoshi Kurimoto ṣe ọ̀gá ẹ̀ka ìtajà fún ọdún gbọọrọ ní Kagimori, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àgádágodo. Nígbà náà, bó bá wúkọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sáré wá omi. Nísinsìnyí tó ti fẹ̀yìntì, bó bá wúkọ́, ìyàwó rẹ̀ á ní kó kọjú sí ògiri. Àwọn ìyàwó ilé ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọkọ bẹ́ẹ̀: ewé tútù. Ewé tó já bọ́ tí òjò sì pa, tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́kí, tí o gbá a títí tí kò kúrò. Fusae, ìyàwó rẹ̀, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn máa ń gbálẹ̀ yí i ká ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tí igi sakura bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, wọ́n jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ ìlú tí òdòdó ti là àti ìlú tí kò tíì là, bí ẹni pé ogun ló ń bọ̀.

"Bàbá Mayuko," ni Fusae wí, ó kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ kí ilé má baà dákẹ́ jù, "àwọn ará ibi iṣẹ́ yín á ti máa múra ìwòdòdó báyìí o."

"Wọ́n ti pè mí," ni Kurimoto dáhùn. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. "Wọ́n ní kò lè ṣe é ṣe láìsí èmi. Ìdí igi gan-an ni wọ́n ní kí n wá jókòó sí."

Ká ló dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n opurọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti gbé ẹnu dúró.

"Wọ́n tiẹ̀ ní kí n mú ìwọ náà dání."

"Ó mà dáa o," ni Fusae wí. "Ẹ máa lọ láàárọ̀ Sátidé. Tó bá di ọ̀sán, màá gbé oúnjẹ wá, màá sì kí wọn. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí Hasebe."

Ẹnikẹ́ni kò pè é. Hasebe tó wà nípò rẹ̀ báyìí kò pè é, akọ̀wé kò pè é, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì pàápàá kò pè é. Ọ̀rọ̀ wá di pé kó tó di ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan ní Kagimori gbọ́dọ̀ sọ fún Kurimoto pé, "Ọ̀gá, ẹ wá jókòó." Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó rẹ̀ yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ẹni tó rántí ọ̀gá ńlá tí òun ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì fún láti ọjọ́ yìí wá.

Ọgbọ́n kò tán lórí ilẹ̀. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, abẹ́ igi kan náà ni Kagimori ti ń jẹ, tó ti ń mu, bí òdòdó bá là, nínú ọgbà ìtura ńlá ìlú, igi tó tẹ orí ba sórí adágún omi. Kurimoto pinnu láti tètè débẹ̀, kó tẹ́ tapólì kékeré sí tòsí, kó sì máa wo òkè bí ẹni tí òdòdó ló bá wá. Bí wọ́n bá rí i, wọn á ní, "Háà! Ọ̀gá wa!" Òun náà á ní, "Háà! Ẹ̀yin náà nìyí? Ayé mà kéré o!" Wọn á sì fà á sáàárín wọn tipátipá. Tapólì tó wà nílé kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n èèyàn lè ká a. Tapólì búlúù ilé-iṣẹ́ ni, orúkọ Kagimori wà ní igun rẹ̀ gàdàgbà. Ó gbé e lọ sílé lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, ó ní nítorí ìrántí.

Ìdájí ló débẹ̀. Òtútù ń jẹni létí. Lábẹ́ gbogbo igi ni tapólì wà, lórí tapólì kọ̀ọ̀kan ni ọmọ iṣẹ́ kan tí wọ́n rán wá ṣọ́ àyè ti ká jọ bí ìgbín, tó ń gbọ̀n. Òdòdó rèé lórí wọn, funfun nini. Kò sí ẹnì kan tó gbójú sókè wò ó. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwòdòdó ní ọgbà náà nìyẹn.

Kurimoto dé ìdí igi Kagimori. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tirẹ̀, láti alẹ́ àná ni ọmọ iṣẹ́ á ti wà níbẹ̀! Hasebe kan náà, nígbà tó jẹ́ ọmọ tuntun, ló sùn síbẹ̀ nínú òjò, tí ikọ́ sì dá a dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn náà. Kurimoto fi ìwé ránṣẹ́ sí i lórí ibùsùn, ó ní kó má gbàgbé ìròyìn ìtajà oṣù náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́mọ níṣẹ́! Ṣé Hasebe ti wá di ọ̀gá tán, ó ń jẹ́ kí àyè Kagimori ṣófo báyìí?

Ibi tó ti ń bínú lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ti yọ, tapólì lábẹ́ apá.

"Bàbá, ẹ kú ìdájí. Ẹnì kan wà níbí ni?"

"Ta ni ọ́?"

"Báǹkì ni mo ti wá. Ó dà bíi pé àyè yìí ṣófo."

"Ó ṣófo? Ojú ẹ ló ṣófo! Kagimori ló ni ibí yìí kí wọ́n tó bí ẹ!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò rí nǹkan kan nílẹ̀ ni."

"Wàá rí i báyìí."

Àfi wàrà! Kurimoto tú tapólì ńlá náà, ó tẹ́ ẹ láti ìdí igi títí dé etí omi. Ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó wá páálí, ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí i, ó gbé e dúró. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sí etí tapólì. Onírèsé lè má fíngbá mọ́, ó ní, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ọkùnrin báǹkì náà tẹríba fún un, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ńlá wá jókòó sórí tapólì, ó ká jọ, ó ń gbọ̀n bí àwọn tó kù.

Oòrùn ti mú nígbà tí àwọn ará Kagimori dé. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn tí Kurimoto lọ, wọ́n ru bíà, wọ́n ru adìyẹ díndín, wọ́n ń pariwo. Kurimoto fojú wá ẹni tó mọ̀ láàárín wọn títí. Kò rí ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Niimura ló ṣáájú.

"Háà, Bàbá!" ni Niimura ké.

Ọkàn Kurimoto fò sókè. Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ! Ẹ wo téèpù! Mo sọ fún yín pé kí a wá alágbàṣe, ẹ ní owó ṣòfò ni. Ta ni nínú yín tó lè tẹ́ ẹ báyìí?"

"Kò sí o," ni àwọn yòókù dáhùn. "Bàbá, ẹ kú òtútù!"

Ayé ti yí padà lẹ́yìn Kurimoto. Kagimori kì í rán ọmọ iṣẹ́ lọ sùn sínú ọgbà mọ́. Hasebe ló fòpin sí i ní oṣù àkọ́kọ́ tó jọba. Wọ́n ń sanwó fún àwọn tó máa ń bá èèyàn jíṣẹ́, àwọn yẹn á sì rán bàbá arúgbó kan wá gba àyè. Niimura fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé kékeré kan fún Kurimoto, ó fi agolo tíì gbígbóná lé e.

"Ẹ fi èyí ra ohun ẹnu, Bàbá."

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kó ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní, "Rárá, ta ni yín?" ńkọ́? Bí wọ́n bá ní, "Ta ló pè yín?" ńkọ́? Ó gba àpòòwé náà, ó dúpẹ́. Ó rò ó pé kí òun dúró de Hasebe. Hasebe á dé, á kígbe, ojú á sì ti gbogbo wọn. Yóò dùn jọjọ. Ó rọra lọ jókòó sídìí igi láti dúró dè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọkùnrin kan wí jẹ́jẹ́, "ibi ọ̀gá wa nìyẹn. Ẹ bọ́ sí ìhà ibi bàtà, afẹ́fẹ́ fẹ́ níbẹ̀ dáadáa."

Ó bọ́ síhà ibi bàtà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Kó má baà jókòó lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà wọn.

Hasebe dé. Ó ti sanra díẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ti Kurimoto, bàtà ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ kan, àpòòwé lọ́wọ́ kejì.

Kurimoto rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ìgbe.

Hasebe wo àpòòwé náà. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣí bíà. Ó yé e, èèyàn tó gbọ́n ni. Ó wá tẹríba díẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ó sì kọjá lọ sídìí igi.

Àwọn kan á ní àánú ni Hasebe ṣe é, kó má baà tú u láṣìírí níwájú àwọn ọmọdé. Àwọn kan á ní àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá, ikọ́ ọjọ́sí ló ń sanwó rẹ̀. Èmi kò sí nínú ọkàn Hasebe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dun Kurimoto dé egungun. Ká ní Hasebe bú u ni, ì bá sàn fún un.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí fóònù Niimura fi dún.

"Ta ni? Alágbàṣe? Ẹ ní ẹ wà níbo? Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Láti ìdájí? Rárá o, Bàbá, ẹni wa wà níbí!" Ó gbé fóònù kúrò létí, ó yíjú sí Kurimoto. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló rán yín wá?"

Hasebe ń wo inú ife rẹ̀. Kurimoto tún mú bàtà mìíràn, ó tò ó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Kurimoto kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, òtítọ́ ti gbé àpótí oúnjẹ lọ́wọ́, ó ń bọ̀ lẹ́bàá adágún.

"Ẹ kú ìwòdòdó o," ni Fusae wí.

Hasebe fò dìde, bíà dà sí i lára. "Màmá! Háà, ẹ káàbọ̀, Màmá!" Ó tẹríba débi tí orí rẹ̀ fi fẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń wo ọ̀gá wọn, wọ́n ń wo màmá, wọ́n wá ń wo bàbá ibi bàtà.

Fusae wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ibi tó jókòó sí, ó wo àpòòwé, ó wo bàtà. Kò pẹ́ lórí ìkankan.

"Hasebe, jókòó, má da ara ẹ láàmú," ló wí. "Bàbá Mayuko ló ní kí òun kọ́kọ́ bá yín tún ibí ṣe kí àwa méjì tó lọ jókòó tiwa. Ṣé ẹ ti parí, Bàbá Mayuko? Oúnjẹ ti ń tutù."

"Màmá, ẹ dákun," ni Hasebe wí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọ̀gá, ẹ wá jókòó. Ẹ wá síbí, ìdí igi. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá."

Ó dé. Ọ̀rọ̀ tí Kurimoto fi ìdájí wá rèé, níwájú ìyàwó rẹ̀, kí ọ̀sán tó yẹ̀. Niimura bo ẹnu, àwọn tó kù ti kúnlẹ̀ sórí tapólì. Ìdí igi ṣófo, ó ń dúró dè é. Ó wò ó pẹ́. Ó wá fi àpòòwé náà lé Niimura lọ́wọ́.

"Gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ló wí. "Òtútù ti pa á." Ó wọ bàtà rẹ̀.

Nínú gbogbo ọgbà náà, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni wọ́n rí tí kò ní èèyàn lórí, igi tó wà lókè rẹ̀ kì í sì í ṣe sakura. Fusae ṣí àpótí: ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, ẹyin díndín, ẹja. Ti ẹni méjì ni, kò lé ẹyọ kan.

Kurimoto wo oúnjẹ náà. "O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Fóònù ilé wa kò tíì dún látìgbà ọdún tuntun. Èmi ni mo máa ń nu eruku orí rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Kí ló dé tí o jẹ́ kí n jáde?"

Fusae fún un ní igi ìjẹun rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ẹ ń súfèé bí ẹ ṣe ń wọ bàtà nídàájí yìí. Mo wà lórí ibùsùn, mo gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ rí látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìntì. Ṣé kí èmi wá jẹ́ ẹni tó máa dá a dúró?"

Kurimoto bu ẹyin sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Fusae sún mọ́ ọn díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nítorí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.