Ìka Mi Lórí Kọntírólù

Nígbà tí ọ̀kadà gbé ọmọ-ọmọ mi ṣubú ní Toll Gate Ṣàngó, apá òsì rẹ̀ ló kán. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Àpótí kéékèèké ló máa ń yà, á wá fi ìlà so wọ́n pọ̀, kí àwọn tó máa kọ ètò kọ̀ǹpútà náà lè mọ ohun tó ń tẹ̀lé ohun. Wọn ò tíì gbà á tán, wọ́n ṣì ń dán an wò. Bí àwòrán tó ń yà lọ́jọ́ náà ò bá dé ọwọ́ ọ̀gá kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú.

Bọ́tìnnì méjì tí èèyàn bá tẹ̀ pa pọ̀ ló ń mú iṣẹ́ náà yá, ọwọ́ kan ò sì ká a. Ló bá fi ìka mi lé bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Kọntírólù, òun á máa tẹ èkejì. Ó ní bí òun bá ní kí n dì í mú, kí n dì í mú. Bí òun bá ní kí n fi sílẹ̀, kí n fi sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n káfíńtà ni ọkọ mi, mo sì bá a di pákó mú pẹ́. Ẹni tó bá dẹwọ́ kí ayùn tó jáde ló ń ba pákó jẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, ó ní kí n dì í mú, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ọ̀gá ló ń béèrè ibi tó bá iṣẹ́ dé. Nígbà tó dáhùn tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò rántí sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀. Èmi náà ò sì fi sílẹ̀. Ìwé tó ń wò láti fi ya àwòrán náà ló tẹjú mọ́, kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ A, àṣé A pẹ̀lú Kọntírólù ló ń mú gbogbo àpótí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan; ó rò pé òun ṣì í tẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́.

Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Gbogbo àpótí lọ.

Ẹ̀rù ti bà mí rí láyé, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí, ìka èmi gan-an ló fà á.

Ọmọ-ọmọ mi wá rọra sọ pé, “Màmá, ìka yín ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀. O ò tíì ní kí n fi sílẹ̀.”

“Ẹ má gbé e o.”

Mo fi ọwọ́ kejì tẹ ìka náà mọ́lẹ̀. Ó tẹ Z, tó máa ń dá ohun tí a pa rẹ́ padà. Gbogbo àpótí padà, tìlà-tìlà. Ó tún yára tẹ S, kó lè wà ní ìpamọ́.

“Ẹ fi sílẹ̀, Màmá.”

Mi ò lè fi sílẹ̀. Òun ló ká ìka mi kúrò níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín pé àgídí mi pọ̀ ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Títí ó fi fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, tí ọ̀gá sì fèsì pé òun ti rí i, kó wọlé síṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, mi ò fẹ̀yìn ti àga.