Báàgì Tí Ọmọ Mi Fi Ìdérí Ìgò Gbà

Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹrin, mo sì máa ń sọ ọ́ níbi tí àwọn tó kàwé bá pọ̀ sí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ló gbé mi dé àárín wọn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó wọ Ìkẹ́rẹ́, kó máa wo ilé lápá ọ̀tún láti ibi tí òkúta ńlá ti yọrí. Nínú ilé mẹ́wàá, èmi ni mo rẹ́ mẹ́fà. Ògiri tí mo bá rẹ́, ẹ da omi sí i lórí, omi yẹn á sọ̀ kalẹ̀ tààrà bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Bírikìlà pọ̀ láti Ìsẹ̀ títí dé Èmùré, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè ẹni tí wọ́n máa ń wá pè nígbà tí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá sán.

Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, iṣẹ́ wá ṣù lé mi lórí. Òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà, àwọn olùkọ́ àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó ti Èkó àti Ìbàdàn darí wálé, kálukú ló fẹ́ kọ́lé. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ wọn. Mo wá mú ọmọ mi obìnrin kúrò ní ilé ìwé ìjọba, mo fi í sí ilé ìwé aládàáni tí ọmọ tiwọn ń lọ. Ohun tí ọmọ olùkọ́ àgbà bá ní, ọmọ bírikìlà náà á ní in. Ìbúra tí mo bá ara mi ṣe nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni ìyàwó mi bí ọmọ náà, nítorí náà Yèyé ni mo ń pè é. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ọkùnrin tó bí ìyá ara rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ mí di Baba Yèyé, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, bíi pé ó ti mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ dùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ilé wa kí n tó tẹ̀ síwájú. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé Èkìtì, ohun tí a kò bá gún nínú odó, a kì í kà á mọ́ oúnjẹ. Ẹni tó jẹ ìrẹsì àwo méjì lọ́sàn-án, bí ẹ bá bi í nírọ̀lẹ́ bóyá ó ti jẹun, á ní òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Kò purọ́. Iyán ni oúnjẹ, ìyókù, a fi ń panu ni. Ká má tíì wá dárúkọ bísíkíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò. Lójú tiwa, atẹ́gùn nìyẹn.

Ọkọ̀ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé ìwé náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹlẹ́rìndòdò ló ni ín. Gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ á ti máa gbọ́ orin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọjà. Ọkùnrin kan á wọ aṣọ onírun bí ìnàkí, á máa jó láàárín wọn. Wọ́n á pín rúlà tó ní àwòrán ìgò lára, wọ́n á bu ife kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọmọ tó bá kó ogójì ìdérí ìgò wá máa gba báàgì ìwé, báàgì onísíìpù méjì tó ní àwòrán ìnàkí yẹn lẹ́yìn.

Ọmọ mi dé lọ́jọ́ náà, kò bọ́ aṣọ ilé ìwé. Ó dúró tì mí níbi tí mo ti ń fọ ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ olùkọ́ àgbà kan ní kíláàsì àwọn ti kó mẹ́rìndínlógún. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì mo gbé kéréètì ẹlẹ́rìndòdò kan lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí àwọn lébìrà mu ún kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìdérí kankan sọnù. Mo gbé òmíràn sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, báàgì wọlé. Òun ló kọ́kọ́ gbà á ní gbogbo ilé ìwé náà. Mo gbé e kọ́ èjìká ara mi láti ẹnu géètì wọn dé ilé, kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè rí i.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé ìwé pe ìpàdé òbí. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ìjọba kó tó dá ilé ìwé sílẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní òun fẹ́ kí àwa òbí fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ yẹn má wọ ọgbà ilé ìwé mọ́. Ó ní àwọn ọmọ ń gbé oúnjẹ inú kúlà wọn padà sílé láìfọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń sùn ní kíláàsì lọ́sàn-án. Ó ní ọmọdé ò lè mọ ìyàtọ̀ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tó ń tajà fún un. Olùkọ́ àgbà kan dìde, ó ní ti ilé ìwé kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kí a máa sọ, ó ní ó yẹ kí ìpínlẹ̀ tuntun wa ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má polówó nǹkan dídùn fún ọmọ kékeré ní ilé ìwé kankan.

Ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí, pé baba tó gbé kéréètì wálé ò mọ ohun tó ń ṣe. Mo dìde.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i. Lọ́jọ́ tí a bí i, ọ̀gá ilé ìwé ò sí níbẹ̀, ìjọba ò sí níbẹ̀. Ìjọba tí kò tíì fa omi dé ẹnu ọ̀nà mi, ṣé òun ló máa wá sọ ohun tí ọmọ mi máa mu? Baba tí kò bá lè bójú tó ẹnu ọmọ rẹ̀, kí wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn ní ọ̀gá bírikìlà ti rẹ́ ẹ dán, kò ku ibì kan, ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo parí ilé ti ara mi lọ. Ọ̀gá ilé ìwé dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Baba, ẹ ò sí ní kíláàsì. Èmi ni mò ń rí wọn."

Mo dá a lóhùn pé ọmọ tèmi ń jẹ iyán nílé. Wọ́n nawọ́ dìbò, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé sì ṣubú. Ọkọ̀ náà wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Kí ọyẹ́ tó mú ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ọmọ mi. Á mu omi ife mẹ́ta kó tó jókòó. Ó wá ń tọ̀ sórí ibùsùn, ọmọ tó ti jáwọ́ ńbẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní Yèyé ti padà di ìkókó. Ojú tì í, kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi sọ fún mi pé ọmọ náà ò fẹ́ràn iyán mọ́, pé ọrùn rẹ̀ ń tínrín. Mo ní kó máa fún un ní ẹlẹ́rìndòdò kí ó tó jẹun, kó lè ṣí i lọ́nà ọ̀fun. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mò ń fún un ní ohun tó fẹ́ràn. Kí ni baba rere tún ń ṣe?

Ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Èmùré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èèrà ti ṣù bo ibi tí ọmọ náà tọ̀ sí.

"Ọkọ ọmọ mi, wo ibí yìí. Èèrà kì í lọ síbi tí kò sí adùn. Ẹ gbé ọmọ náà kúò ní ulé yìí lọ fún oníṣègùn òyìnbó lónìí."

Mo ní, "Màmá, èèrà ń wá omi ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé."

Síbẹ̀, mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, torí mi ò fẹ́ kí àna mi rò pé owó ni mò ń ṣọ́. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan jókòó tì wá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ.

Mo na ara mi. Mo ní, "Iyán. Iyán Èkìtì, àárọ̀ àti alẹ́. Ọmọ mi kì í jẹ ìjẹkújẹ."

Ó béèrè ohun tó ń mu.

"Omi kànga. Èmi fúnra mi ni mo fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká."

Ìyàwó mi ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wò ó, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò pé mò ń purọ́. Láti kékeré mi, bí wọ́n bá bi wá ní ohun tí a jẹ, odó nìkan ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé ó ní nǹkan láti sọ, mi ò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn gbọ́ pé nǹkan kan kù nínú títọ́ ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Wọ́n tọ́jú ibà. Wọ́n ní ara ọmọ ti rẹ̀, kí a máa po gúlúkóòsì fún un. Àwọn ará àdúgbò gbọ́ pé ara Yèyé ò yá, wọ́n wá kí i bí a ṣe ń kí aláìsàn, kò sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo, ìgò ẹlẹ́rìndòdò sì ni gbogbo wọn gbé wá. Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sáré gun òkè, kò sì dá wa lóhùn mọ́.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn ńlá ní Adó béèrè ìbéèrè kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó mi ò wo ojú mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀: kéréètì, ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gúlúkóòsì, ìgò àwọn àlejò. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Èmi ò mọ̀ pé ó ń mú ọmọdé. Ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń lu aago oúnjẹ ọ̀sán ní wọ́ọ̀dù, ọmọ mi kú.

Dókítà náà bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Mo bi í bóyá èmi ni mo pa á.

"Baba, kì í ṣe ẹlẹ́rìndòdò ló gbé irú àrùn yìí wá. Ó kàn ń mú ọmọ ni. Àmọ́ iná ń jó, ẹ wá ń da kẹrosíìnì sí i. Ká ní àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń mu, wọn ì bá ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò."

Ó fẹ́ fi ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Ìdajì kejì ni mò ń gbé kiri.

Ìyàwó mi fi báàgì yẹn kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí n tó ṣí i. Ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, rúlà wà, àti ọ̀rá kékeré kan tó kó ìdérí ìgò mọ́kànlá sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ló ń bá kó o, torí Yèyé fúnra rẹ̀ ti ní báàgì tirẹ̀.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé ìwé tún pe òbí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Mi ò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́, mo lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ láti ilé. Kí n tó gbéra, ọkùnrin kan tó ń ta táyà dìde. Kò rí mi níbi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i. Baba tí kò bá lè bójú tó ẹnu ọmọ rẹ̀..."

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá tèmi. Ó fẹ́ jókòó.

Mo ní, "Ẹ parí rẹ̀." Ó jókòó. Mo dìde, mo bá a parí rẹ̀. "Kí wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbà á."

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n nawọ́, wọ́n ní kí ọkọ̀ má wọlé mọ́. Ọkọ̀ náà ò wọlé mọ́ lóòótọ́, ẹ̀bá ọ̀nà níwájú géètì ló wá ń dúró sí, torí òfin ilé ìwé ò dé títì, òfin ìjọba ò sì tíì sí. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n bá òun mọ ògiri yí ọgbà ká. Mo mọ ọ́n ga ju orí mi lọ, mo rẹ́ ẹ tinú tòde, títí di òní kò sán. Iṣẹ́ mi tó dára jù nìyẹn, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo gbọ́ orin náà tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọjà. Ó gba orí ògiri kọjá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń sáré lọ sí ẹnu géètì. Irin ìrẹ́lé dúró lọ́wọ́ mi títí sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ fi gan.